Ẹni Tí Kò Sí Nínú Agbo

Bí ẹbí bá péjọ síbi ìnáwó, kí wọ́n tó gbé oúnjẹ kalẹ̀, kí onílù tó fi ọ̀pá kan awọ, àwọn àgbà ilé yóò ti ṣe iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kì í fiyè sí. Wọn yóò ti fojú wo agbo yíká. Wọn kì í ka ènìyàn ní oókan, eéjì, nítorí pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ ni ojú wọn ń wá. "Ìyá Alákàrà dà?" "Àbúrò Bàámi tó ń gbé Ìsẹ́yìn ńkọ́, ṣé iṣẹ́ tí a rán sí i kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni?" Bí ìdáhùn tí wọ́n rí gbà kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn yóò rán ọmọdé kan lọ wò ó. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹbí yóò ti mọ ẹni tí àìsàn dá dúró, ẹni tí gbèsè lé kúrò nílé, àti ẹni tí inú ń bí sí ọmọ ìyá rẹ̀. Ìbéèrè yìí gan-an ni ìpéjọ wà fún láàárín àwa Yorùbá. Ẹran, aṣọ ẹbí àti ìlù, ọ̀ṣọ́ ara rẹ̀ lásán ni wọ́n.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àsọdùn ni ọ̀rọ̀ yìí, kí ó rántí ọdún 2020. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kejì ọdún náà ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tí ó kó àrùn kòrónà wọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹta, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti di àjàkálẹ̀ àrùn tó kárí ayé. Kí oṣù Kẹta náà tó parí, wọ́n ti ti gbogbo ilé ẹ̀kọ́ pa. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti gbé òfin kónílé-ó-gbélé jáde láti ìrọ̀lẹ́ di ìdájí, wọ́n sì ti ka ìpéjọ tó bá ju ènìyàn mẹ́wàá lọ léèwọ̀. Gómìnà Ṣèyí Mákindé fúnra rẹ̀ kéde ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹta, pé àyẹ̀wò ti fi hàn pé àrùn náà wà lára òun. Ọjọ́ Àjíǹde bọ́ sí ọjọ́ 12, oṣù Kẹrin. Ìtúnu Ààwẹ̀ bọ́ sí òpin oṣù Karùn-ún. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ gbọ́ ìwàásù nínú rédíò, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí sì kírun ọdún pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òkú tí à bá fi ọ̀sẹ̀ méjì palẹ̀ ìnáwó rẹ̀ mọ́, ní wákàtí méjì ni a sin ín.

Ẹ jẹ́ kí á wo àdúgbò kan ní ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Under G. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá ni ó wà, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1990, tí a ń pè ní LAUTECH. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sọ Under G di ìlú. Yàrá wà lórí yàrá níbẹ̀; bí ènìyàn bá yọ lára olóúnjẹ, yóò kan ẹni tó ń ṣe fótókópì, yóò kan onífóònù, yóò kan ọlọ́kadà tó ń kígbe orúkọ ibi tó ń lọ. Ọmọ Ọ̀yọ́, ọmọ Ọ̀ṣun, ọmọ Èkó àti ọmọ ilẹ̀ Ìgbò ń gbé ògiri kan náà. Ó dà bí agbo ilé, ṣùgbọ́n agbo ilé tí kò ní baálé ni. Nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ ní oṣù Kẹta, tí ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, sì ti bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tí kò parí títí di oṣù Kejìlá, àdúgbò bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe kí ó má dá páropáro. Ẹni tó bá lówó ọkọ̀ lọ sílé kí wọ́n tó ti ẹnubodè. Ẹni tí kò bá rí ọ̀nà lọ, ó jókòó sínú yàrá. Olóúnjẹ tó jẹ́ pé àwọn ọmọ yìí ló ń jẹ oúnjẹ rẹ̀, ó gbé ìkòkò rẹ̀ dojú bolẹ̀. Ta ló wo irú agbo bẹ́ẹ̀ yíká? Ta ló béèrè pé, "Ọmọ tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn yẹn dà?"

Ohun tó yẹ kí ó ya àwọn olùkọ́ lẹ́nu nìyí: ní àkókò kan náà, ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ẹ̀ka yunifásítì tí wọ́n ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ ìgbáyégbádùn ará ìlú, èyí tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní iṣẹ́ wẹ́fíà, kó ìpàdé wọn lọ sórí kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ nìkan ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ a máa jókòó níwájú ojú gíláàsì, kálukú nínú ilé tirẹ̀, wọn a sì máa bi ara wọn ní ìbéèrè tí kò nílò oyè ọ̀mọ̀wé rárá: Ṣé ẹ ti jẹun? Ta ni ẹ pàdánù? Ta ni a kò tíì gbúròó rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá? Àwọn tó fi ìwé kọ́ ìtọ́jú ènìyàn, lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ dójú ọ̀gbagadè, ìbéèrè ìyá àgbà ni wọ́n padà sí. Yunifásítì Ìbàdàn, tí kò jìnnà sí wa, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí. LAUTECH ní tirẹ̀, ìmọ̀ ẹ̀rọ, ìmọ̀ ọ̀gbìn àti ìmọ̀ ìṣègùn ni òkìkí rẹ̀ fi kàn. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ kan ní láti ní ẹ̀ka wẹ́fíà kí ó tó mọ ẹni tí ebi ń pa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri rẹ̀.

Àwọn kan wà lọ́dún náà tí wọ́n ń sọ pé àṣà Yorùbá kò lè bá òfin jíjìnnà síra ẹni rìn, pé ẹni bá ní kí Yorùbá má péjọ, ó ní kí ó má ṣe Yorùbá mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa mọ àjàkálẹ̀ àrùn ju àwa lọ. Nígbà tí Ṣọ̀pọ̀nná bá wọ ìlú, ta ló jẹ́ dárúkọ rẹ̀? Ilẹ̀ gbóná ni wọn yóò wí, tàbí Olóde. Wọn kì í lu ìlù ariwo, wọn kì í sì í pe àpèjẹ. Ẹni tó bá kú nípa rẹ̀, kì í ṣe ẹbí ló ń sin ín bí òkú ilé; àwọn aláwo rẹ̀ ló ń gbé e lọ sínú igbó, kò sí pé à ń wẹ̀ ẹ́, kò sí pé à ń tẹ́ ẹ nítẹ̀ẹ́ ẹ̀yẹ. Kì í ṣe pé kò sí àléébù nínú ètò náà. Àwọn aláwo a máa kó ẹrù òkú lọ, wọ́n sì fura sí àwọn kan nínú wọn pé wọ́n ń tan àrùn náà kálẹ̀. Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà fúnra rẹ̀ wọ inú ẹgbẹ́ awo náà láti mọ àṣírí wọn, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fi òfin de ìsìn náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló mú òpin bá àrùn náà, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kéde lọ́dún 1980 pé kò sí i láyé mọ́. Ohun tí à ń wí ni pé ìlú tó mọ ìgbà tí kò yẹ kí á lu ìlù kì í ṣe ìlú tí kò mọ bí a ṣe ń jìnnà síra.

Bí a bá sì wò ó dáadáa, ara àṣà wa kún fún ìtọ́jú tí kò nílò ìfọwọ́kàn. Ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀, èwo ni a fi ń kan ara ẹni nínú wọn? Ọ̀dọ́ tó bá na ọwọ́ sí àgbà pé kí ó bọ òun lọ́wọ́, a ó ní ilé ni kò ti gbẹ̀kọ́. Bíbọwọ́ tí dókítà ní kí á jáwọ́ nínú rẹ̀ lọ́dún 2020, òyìnbó ló kó o wá. (Kí àwọn tó ń kọ́ ọmọ ní àṣà nílé ẹ̀kọ́ rántí èyí lọ́jọ́ mìíràn tí ẹnìkan bá ń fi ìdọ̀bálẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.) Ìyá ọmọ tuntun kì í jáde títí di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, síbẹ̀ omi gbígbóná àti oúnjẹ ń wọlé tọ̀ ọ́ lọ. Opó wà nínú ilé fún ogójì ọjọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí ẹnìkan kò yọjú sí i lẹ́nu ọ̀nà láti kí i pé ó kú ará fẹ́ra kù. Ẹni tó wà lọ́nà jíjìn, àwọn àgbà a máa fi àrokò ránṣẹ́ sí i. Ohun tí wọ́n dì sínú ewé ni yóò sọ fún un bóyá wọ́n ń retí rẹ̀ tàbí wọ́n ń bínú sí i. Yíya ènìyàn sọ́tọ̀ kò fìgbà kan jọ gbígbàgbé ènìyàn.

Bí ó bá sì ku ìlú kan tí kò yẹ kí wọ́n kọ́ ní ẹ̀kọ́ yìí rárá, Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń ṣòwò lọ sí ilẹ̀ Hausa àti ilẹ̀ Gáná láti ìgbà àwọn òyìnbó amúnisìn. Ní Tamale àti àwọn ìlú mìíràn ní àríwá Gáná, àwọn ni wọ́n pọ̀ nínú àwọn oníṣòwò Yorùbá. Wọ́n ṣe ẹgbẹ́ níbẹ̀, wọ́n ń dá owó, wọ́n ń bá ara wọn sìnkú, wọ́n sì ń fi lẹ́tà àti owó ránṣẹ́ sílé. Ẹbí tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lè lo ọdún márùn-ún láì rí ojú ọmọ wọn, síbẹ̀ wọ́n mọ iye ọmọ tó bí, wọ́n mọ orúkọ ìyàwó rẹ̀, wọ́n mọ̀ bóyá ọjà ń tà. Nígbà tí ìjọba Busia fi òfin lé àwọn àjèjì kúrò ní Gáná ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ọ̀pọ̀ wọn padà sílé pẹ̀lú ẹrù orí nìkan. Ilé tí wọ́n padà sí mọ̀ wọ́n. Kò sí fóònù nínú àpò ẹnikẹ́ni nígbà náà.

Lọ́dún 2020, fóònù wà nínú àpò gbogbo ènìyàn, àwọn kan sì lò ó dáadáa. A gbọ́ ìsọmọlórúkọ tó jẹ́ pé baba àgbà wà ní ìlú Ọ̀yọ́, ọmọ wà ní Èkó; wọ́n gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo omi, baba àgbà dárúkọ ọmọ láti ibi tó jókòó sí, owó orúkọ tí à bá jù sínú àwo sì gba báǹkì wọlé. Orógbó wà níbẹ̀, oyin wà níbẹ̀, iyọ̀ wà níbẹ̀. Kí ló kù tí kò sí? Ọ̀pọ̀ àgbà yóò ní ariwo ni kò sí. Àṣà náà kò bàjẹ́. Ó bọ́ aṣọ ìta rẹ̀ sílẹ̀ ni, ara rẹ̀ sì hàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dun ni nì rèé. Nígbà tí ìjọba dẹ òfin náà, èwo nínú méjèèjì ni a sáré padà sí? Agbo ńlá ni. Aṣọ ẹbí padà dé pẹ̀lú ìbínú, bí ẹni pé a fẹ́ gba ẹ̀san ọdún tó kọjá. Ẹbí tó sin baba wọn wọ́ọ́rọ́wọ́ ní oṣù Kẹrin ọdún 2020 yá owó lọ́dún tó tẹ̀ lé e láti "tún òkú náà ṣe," kí ayé má baà sọ pé wọ́n sin ín bí adìẹ. Ṣùgbọ́n ìpè tí àwọn ọmọ ẹbí ń pe ara wọn ní alaalẹ́ nígbà tí ẹ̀rù ń ba gbogbo ènìyàn, tí wọ́n ń béèrè pé "Ṣé ẹ wà?", ìyẹn dákẹ́. Ohun tí òfin gbà lọ́wọ́ wa ni a gbà padà. Èyí tí ìnira fi kọ́ wa, a dà á nù pọ̀ mọ́ ìbòmú.

Kì í ṣe pé ìpéjọ ńlá burú. Àwọn ọ̀dọ́ kan tó kàwé ń sọ pé ì bá dára kí ìjọba fi òfin de ìnáwó títí láé, nítorí gbèsè. Àwọn náà kò wò ó jinlẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé inú agbo nìkan ló ti ń rí ẹbí rẹ̀, bí ẹ bá gba agbo lọ́wọ́ rẹ̀ láì fi ìbẹ̀wò rọ́pò, ẹ ti gba gbogbo ohun tó ní. Ṣùgbọ́n àgbà tó bá ń wí pé òkú tí a kò fi ènìyàn ẹgbẹ̀rún sin, ẹ̀tẹ́ ni, kí ó dáhùn ìbéèrè kan: nínú ẹgbẹ̀rún ènìyàn náà, mélòó ló mọ̀ pé opó náà kò ní owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ tó kéré jù?

Wọ́n lè sọ pé ìbéèrè lẹ́nu ọ̀nà kò lágbára tó láti dojú kọ àrùn. Kí wọ́n rántí Ẹ̀bólà, tó wọ Èkó ní oṣù Keje ọdún 2014. Ènìyàn 20 ló kó o ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn ló kú. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, tí kò jẹ́ kí ẹni tó kó o wọlé jáde ní ilé ìwòsàn, wà lára àwọn tó kú. Kí ni a fi ṣẹ́gun rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta? Kò sí abẹ́rẹ́ nígbà náà. Wọ́n kọ orúkọ àwọn ènìyàn 894 tó ti súnmọ́ àwọn aláìsàn, wọ́n sì lọ ń bẹ̀ wọ́n wò nílé wọn. Ìbẹ̀wò náà tó 18,500. Ṣé ara yín yá? Ṣé ara yín gbóná? Ta ló tún wà nínú ilé yìí? Ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹwàá ọdún náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́.

Oṣù Kẹwàá ọdún 2020 kò rí bẹ́ẹ̀ fún Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti wà nílé láti oṣù Kẹta jáde kárí orílẹ̀-èdè láti fẹ̀hónú hàn sí ìwà àwọn ọlọ́pàá SARS. Ní ọjọ́ 10, ìbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan níbi ìwọ́de ní ìlú náà. Lọ́jọ́ kejì, rògbòdìyàn wọ ààfin Ṣọ̀ún, nígbà ayé Ọba Jímọ̀ Oyèwùmí, Àjàgùngbádé Kẹta. Kì í ṣe àìpéjọ ló fa ìwọ́de yẹn. Ìwà àwọn ọlọ́pàá náà ló fà á, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ àṣà bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwọn àgbà bi ara wọn léèrè: nínú oṣù méje tí àwọn ọmọ wọ̀nyí fi jókòó láì sí ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹnìkan pè wọ́n jókòó, ní mẹ́wàá mẹ́wàá tí òfin gbà láyè, láti béèrè ohun tó ń ṣe wọ́n? Ìgbà tí wọ́n péjọ fúnra wọn ni gbogbo ènìyàn tó mọ̀ pé wọ́n wà.

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí láì gba oyè kankan lórí rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Ẹ wo alájọ. Ní òwúrọ̀ ni ó ti ń ti orí ìsọ̀ bọ́ sórí ìsọ̀ pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́. Bí ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kò bá dá owó fún ọjọ́ mẹ́ta, alájọ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀, yóò sì béèrè. Samuel Johnson, àlùfáà tó gbé ìlú Ọ̀yọ́, ti kọ nípa èsúsú sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1921. Fadipe náà kọ nípa àáró àti ọ̀wẹ̀. Owó àti oko ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń rí nínú rẹ̀. Wọn kì í sábà sọ pé ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ èsúsú kò lè sọnù fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ náà ní ìwé orúkọ lórí tábìlì rẹ̀. Bí ó bá fà á ní òdo fún ọmọ kan lẹ́ẹ̀mẹ́rin léraléra tí kò sì rán ẹnikẹ́ni lọ sílé ọmọ náà, kí ni ó ń fi ìwé náà ṣe?

Nítorí náà, kí àwọn yunifásítì tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ wẹ́fíà rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn lọ bá alájọ rìn fún oṣù kan, kí wọ́n jókòó ti ìyálóde ọjà, kí wọ́n wo bí baálé agbo ilé ṣe ń wo ilé yíká ní àárọ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè Yorùbá, nítorí pé èdè yìí ni wọ́n fi ń ṣe é. Àwọn yunifásítì yòókù, tó jẹ́ pé ìta ọgbà ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wọn ń gbé, kí wọ́n bá àwọn onílé àdúgbò jókòó kí àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn tó dé. Kò gba owó púpọ̀: orúkọ ẹni tó wà ní yàrá kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà fóònù ẹbí rẹ̀, àti ẹnìkan ní ojúlé mẹ́wàá mẹ́wàá tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kan ilẹ̀kùn. Ìjọba yóò ti ilé ẹ̀kọ́ pa lọ́jọ́ mìíràn. Àrùn tàbí ìyanṣẹ́lódì, ọ̀kan yóò fà á.

Àwọn tó gbé Under G lọ́dún 2020 ti ń gboyè jáde, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán. Ẹlòmíràn ló wà nínú yàrá ẹ̀yìn yẹn báyìí. Bóyá onílé mọ orúkọ rẹ̀.